Ẹyin Jíjóná ní Ibodè Báńkọ́ọ̀kì

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ sún mọ́bí kí ọ̀rọ̀ má baà já bọ́ sáàárín wa. Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, kó fi ìjà sílẹ̀ títí n ó fi parí. Ẹni tí kò rí àga, kó jókòó lórí bàtà rẹ̀. Ọdún tí kò tíì dé ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọdún tí àwọn ọmọ-ọmọ yín yóò máa pè ní àná. Ṣé etí wà nílé?

Ó dáa. Ẹsẹ̀ Mopélọ́lá kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi, èkejì wà lórí èbúté, nígbà tí ẹnu-ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Dúró," ni ẹnu-ọ̀nà wí. "Ọkọ̀ tọkọtaya nìyí. Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ padà sẹ́yìn."

Mopélọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti fi erùpẹ̀ Ìlá bora.

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá rẹ tó dúró tì ọ́, tó dé fìlà."

Ẹni kan ṣoṣo tó dé fìlà níbẹ̀ ni Pópóọlá, ọkọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti jọ ń sùn láti ọdún méjìlélógójì. Ó dúró pẹ̀lú àpò aṣọ lábẹ́ apá, ó ń rẹ́rìn-ín sí omi. Báńkọ́ọ̀kì ti wọ̀ ọ́ lójú. Òkun ti wọ ìlú náà láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò sá. Wọ́n kọ́ ilé wọn léfòó, bí omi bá gòkè, ilé á gòkè, bí omi bá fà, ilé á sọ̀kalẹ̀ bí àyà ẹni tó ń sùn. Aṣọ funfun kan tóbi tó pápá ìṣeré, ó nà lókè gbogbo èbúté, ó ń tẹ̀lé oòrùn lọ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà pa èèyàn.

Ẹnu-ọ̀nà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Aṣọ́bodè ni wọ́n ń pè é. Kò lójú, kò nímú. Òpó dígí méjì lásán ni, tí iná aláwọ̀ ewé ń gùn lọ gùn bọ̀ nínú wọn. Ohùn rẹ̀ ń gba inú ewé-etí wọlé, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí àlejò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, tó ń sọ èdè gbogbo ayé di èdè ẹni. Yorùbá Aṣọ́bodè mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rín nínú, bí ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé tí kò sì jẹun nílé Yorùbá kankan rí.

"Wò ó," ni Mopélọ́lá wí, ó fọwọ́ sí ìbàdí, "ta lò ń bá sọ pé 'ìwọ'? Mo ju ìyá ẹni tó bí ọ lọ. Ọkọ mi nìyí."

"Láti ìgbà tí o ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù," ni Aṣọ́bodè dáhùn, "o ti pe ẹni mẹ́ta ní 'ọkọ mi'. Àkọ́kọ́, ọmọ ìkókó tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Ìbídùn, abiyamọ ará Òṣogbo tí wọ́n jọ wọ bàálù wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ olóṣù mẹ́fà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu ìka.

"Ìkejì, ẹ̀rọ tó bá ọ gbé ẹrù. O fi ọwọ́ nù ún, o ní, 'O káre, ọkọ mi.' Ẹ̀kẹta ni bàbá rẹ."

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́yìn rẹ̀ bí igbá lórí omi. "Màmá, ẹ ti fẹ́ ọmọ mi, ẹ kò sì sọ fún mi!"

"Dákẹ́, ìyá ọkọ mi," ni Mopélọ́lá wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Pópóọlá bọ́ síwájú. "Ìyá Ẹniọlá, jẹ́ n bá a sọ̀rọ̀."

"O pe ọmọ rẹ ní ìyá," ni Aṣọ́bodè wí.

"Ìyàwó mi ni! Mopélọ́lá lorúkọ rẹ̀!"

"Mo gbọ́. Láti òwúrọ̀ ni o ti ń pè é lórúkọ. Òun kò pè ọ́ lórúkọ rí. Òun ń sọ pé 'Ẹ jókòó', ìwọ ń sọ pé 'Jókòó'. Òun ń pè ọ́ ní 'Bàbá Ẹniọlá', nígbà mìíràn ó ń pè ọ́ ní 'bàbá mi'. Bàbá àti ọmọ ni yín."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ náà tọ́ bí ẹ bá wò ó láti ọ̀nà ibẹ̀ yẹn.

Obìnrin kan jáde láti inú yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá òpó. Súdà lorúkọ rẹ̀, òun ni ìlú fi ṣe alábòójútó ibodè. Ó ró aṣọ aláwọ̀ aró, ó fi òdòdó funfun kan sí irun. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó tẹrí ba, Mopélọ́lá náà kúnlẹ̀ díẹ̀ dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Súdà wí, ewé-etí sì ń sọ ọ́ di Yorùbá. "Bó ṣe gbọ́ ọ ló kọ ọ́. Ọkọ̀ àwọn bàbá ń lọ sí òdì kejì omi lápá àríwá. Ọkọ̀ àwọn ọmọbìnrin ń lọ sí gúúsù. Bí oòrùn bá kàn àtàrí, ọkọ̀ gbogbo á ṣí. Ẹ ó tún ríra yín ní ọjọ́ kejì nídìí bàálù."

"Ọjọ́ méjì péré náà ni a ní!"

"Mo mọ̀, ìyá."

Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ọmọ ènìyàn láti fò kọjá òkun, ọjọ́ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú ọ̀run má baà gbóná jù báyìí lọ. Ẹni tó bá lo tirẹ̀, ó ti lò ó nìyẹn títí yóò fi wọlẹ̀. Mopélọ́lá ti ń fẹ́ rí ọjà orí omi Báńkọ́ọ̀kì láti kékeré, látinú àwòrán kan tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ògiri. Ìrìn ti Pópóọlá sì ti kọ́kọ́ dé ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú tirẹ̀. Kò lọ. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní, ó ní òun kò lè máa wo omi ẹlòmíràn ní òun nìkan bí àkẹ̀ǹgbè tó já. Ó dúró títí ti ìyàwó rẹ̀ fi dé.

"Ṣé ẹ kò lè wo ìwé wa ni?" ni Pópóọlá bi í. "Ìwé ìgbéyàwó wà nínú àpò yìí."

Súdà mi orí. "Bàbá, ẹ̀rọ lè tẹ ẹgbẹ̀rún irú ìwé yẹn kí ẹyẹ tó gbọn ìyẹ́. A kì í wo ìwé mọ́. Ohun tí ẹnu bá sọ nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ni ìlú yìí gbà gbọ́."

Mopélọ́lá ronú, ó ní òun á lo ọgbọ́n. Ó yíjú sí òpó, ó gbé ohùn sókè kó baà yé ẹ̀rọ náà dáadáa. "Kì í ṣe bàbá mi! Olówó orí mi ni!"

Iná tó wà nínú òpó pọ́n wẹ̀ẹ́ bí ẹ̀jẹ̀. Agogo kan dún.

"Ọkùnrin yìí ti fowó ra orí obìnrin yìí," ni Aṣọ́bodè wí. "Ẹ dá a dúró."

Súdà di ọwọ́ mọ́ ẹnu. "Ìyá, ó rà yín?"

"Kò rà mí o! Ó tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi! Iṣu ló gbé wá, àti oyin..."

"Ó fi iṣu rà yín?"

"Áà! Ẹlẹ́dàá mi, gbà mí!"

Pópóọlá ti jókòó lórí àpò aṣọ, ó ń fi fìlà nu omijé ẹ̀rín. "Ìyá Ẹniọlá, jọ̀ọ́, má bá mi ṣàlàyé mọ́. Bí o bá tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á so mí rọ̀."

Ó gba Súdà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó pa agogo náà, kí iná sì tó padà di àwọ̀ ewé. Nígbà tó padà wá, ó jókòó ti Mopélọ́lá lórí pákó èbúté, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Èmi náà, 'ẹ̀gbọ́n' ni mò ń pe ọkọ mi, òun sì ń pè mí ní 'àbúrò'. A kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀rọ yìí mọ tiwa, torí pé àwọn ìyá àgbà wa jókòó tì í fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ń bá a ṣàwàdà, wọ́n ń bú u. Ta ló jókòó tì í sọ tiyín?"

"Kò sẹ́ni," ni Mopélọ́lá wí.

"Nítorí náà ọ̀nà kan ló kù. Ẹ pe orúkọ bàbá, orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a bí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Mopélọ́lá.

"Màmá, ẹ pè é jàre," ni Ìbídùn wí. "Èmi ń pe tèmi ní Fẹ́mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀run kò sì já lù wá."

"Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ̀ ń pe ọkọ bí ẹni ń pe adìyẹ wá jẹ àgbàdo." Ṣùgbọ́n kò fi ara ṣe é. Ọkàn rẹ̀ ti padà sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ, wọ́n da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi ojú kan rẹ́rìn-ín, mú un létí, ó ní: "Aya mi, gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí di tìrẹ lónìí, títí dé orí mi. Orúkọ ọmọ mi nìkan ni mo fi pamọ́ fúnra mi. Má bá mi pè é." Mopélọ́lá kò sì pè é. Kò pè é nígbà tó bí ọmọ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kan lóko, ejò rọra ń bọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, orúkọ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì, ó kígbe pé, "Ẹni tó ni mí, ẹ fò!" Pópóọlá fò. Ejò kọjá, orúkọ kò jáde. Ìyá ọkọ ti sùn lábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìlérí kì í kú tẹ̀lé ẹni tí a ṣe é fún.

Pópóọlá rí ojú rẹ̀. Ó dìde, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Má pè é," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí yóò bá dùn ọ́, má pè é. Jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí àríwá. Màá jókòó létí omi, màá máa ju ọwọ́ sí ọ. Ọjọ́ méjì kọ́ ni yóò pa wá."

"Ta ni yóò bá yín yọ eegun ẹja?"

"Màá jẹ ẹyin."

"Ẹ kò mọ ẹyin dín."

"Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́," ni Pópóọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń yọ aṣọ Mopélọ́lá kúrò nínú àpò sọ́tọ̀.

Aṣọ tó ń yọ sọ́tọ̀ yẹn ni Mopélọ́lá wò. Ó wo oòrùn tó ń hàn gba inú aṣọ lókè: ó kù díẹ̀ kó kàn àtàrí. Ó dìde. Ó yíjú sí Aṣọ́bodè. Ó la ẹnu.

"Pó..."

Ikọ́ ká a mọ́lẹ̀. Ìbídùn gbá a lẹ́yìn.

"'Pó' kì í ṣe orúkọ," ni Aṣọ́bodè wí.

"Orí ìyá rẹ náà kì í ṣe orúkọ!" ni Mopélọ́lá dá a lóhùn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ọjà ń padà bọ̀ láti òkè omi. Àwọn obìnrin dé akẹtẹ̀ fífẹ̀, èso àti òdòdó kún iwájú wọn, ọ̀kan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ewé-etí kò túmọ̀ rẹ̀. Bóyá kì í túmọ̀ orin ni. Ṣùgbọ́n Mopélọ́lá kò nílò ìtumọ̀, torí obìnrin kan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é, àpéjọ àwọn ìyàwó ilé ni lójú tirẹ̀. Ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ níwájú agbo lọ́jọ́ ọdún ilé wọn, tó ń fi ojú kan rẹ́rìn-ín, tó ń fi orúkọ ọkọ tirẹ̀ kọrin ní gbangba, tí gbogbo ilé sì ń jó. Ọba kì í mú ọ̀kọrin! Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, orin ti ń gbé e jáde láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé.

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó pàtẹ́wọ́.

*Pópóọlá o, ẹ bá mi kí i,*
*Àlàó tí í rẹ́rìn-ín kí n tó rín.*
*Ó dín ẹyin, ẹyin jóná,*
*Ó ní kí n jẹ ẹ́, mo jẹ ẹ́,*
*Mo ní ó dùn o, mo ní ó dùn.*

*Pópóọlá o, ẹ bá mi kí i,*
*Ó gbé ìrìn tirẹ̀ sábẹ́ ẹní*
*Títí tèmi fi dé bá a.*
*Bí ẹ bá pín omi yìí sí méjì,*
*Apá ibi tó wà ni tèmi o.*

Ìbídùn ti ń gbè é: "Ẹ bá wa kí i o, ẹ bá wa kí i!" Àwọn tó tò sẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń pa á sí. Àwọn obìnrin ọjà gbé àjẹ̀ wọn sókè, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Pópóọlá dúró gbagidi. Bàbá arúgbó tó ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ìyá, lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ọ̀rẹ́, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn jù. Kò nu omijé ojú rẹ̀ rárá.

Nígbà tí orin dákẹ́, gbogbo wọn wo òpó.

"Òfin kò ka orin mọ́ ìpè," ni Aṣọ́bodè wí. "Orúkọ inú orin kò wọ ìwé."

Súdà bú ẹ̀rọ náà ní èdè tirẹ̀. Ewé-etí kò túmọ̀ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo èèyàn.

"Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè," ni Aṣọ́bodè wí. Iná rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. "Ẹyin náà jóná."

"Ó dúdú bí èédú," ni Mopélọ́lá wí.

"O sì ní ó dùn."

"Mo ní ó dùn."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ kọ́! Ó dìde láàárọ̀, ó dín in fún mi, ó fi iná jó àtàǹpàkò, ó wá dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ó dùn."

Iná Aṣọ́bodè gùn lọ, ó gùn bọ̀. Kò ro ohun kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, Súdà ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ tó pọ̀ ju iye ẹja inú omi yìí lọ," ló wí níkẹyìn. "Ọmọ máa ń sọ fún bàbá pé ẹyin ti jóná. Àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n jẹ ẹyin jíjóná tí wọ́n ní ó dùn, tọkọtaya ni gbogbo wọn." Iná náà di funfun láti ìsàlẹ̀ dókè. "Ẹ wọlé. Ẹ̀yin méjèèjì."

Ariwo sọ lórí èbúté! Ìbídùn gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń fi jó. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, àbí? "Ẹ wọlé," ló wí. Kò sọ pé "Wọlé" mọ́.

"Ìyá," ni Aṣọ́bodè tún pè, bí Mopélọ́lá ṣe ń gbé ẹsẹ̀. "Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ yín pamọ́? 'Bàbá Lágbájá'. 'Olówó orí mi'. Kí obìnrin tó bá tún ti ọ̀dọ̀ yín wá má baà sunkún níbí."

"Fi pamọ́, ọmọ mi. 'Ọkọ mi' náà ńkọ́?"

"Ìyẹn kò tíì yé mi. Ta ni ọkọ yín?"

"Gbogbo ẹni tí ebi bá ń pa tí inú mi dùn láti fún lóúnjẹ." Ó fọwọ́ kan òpó dígí náà. "Bí o bá ní ẹnu ni, ọkọ mi nìwọ náà ì bá jẹ́."

Ọkọ̀ ṣí bí oòrùn ṣe kàn àtàrí. Kò ní awakọ̀, omi ló ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń lọ. Súdà bá wọn wọ ọ́, ó fa Ìbídùn àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé pẹ̀lú, ó ní àkókò oúnjẹ òun ti tó, àti pé òun kò lè gbọ́ irú orin yẹn kí òun sì lọ dá jẹun nínú yàrá. Bí wọ́n ṣe dé àárín ọjà, ọkọ̀ àwọn obìnrin yí tiwọn ká. Wọ́n na ẹja sísun sí wọn, wọ́n na ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú máńgòrò tó pọ́n bí oòrùn àárọ̀. Ìyá arúgbó kan bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi dé Mopélọ́lá lórí gèlè, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ìbídùn fi ìka tọ́ omi àgbọn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ náà fá ìka mọ́, ó ń wá òmíràn.

Mopélọ́lá mú ẹja, ó ń yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó ẹran rẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Pópóọlá kò tíì jẹun. Ó sún mọ́ ọn títí èjìká fi kan èjìká.

"Mopélọ́lá."

"Ẹ̀n."

"Orúkọ tí o pè lẹ́ẹ̀kan..."

"Orúkọ wo?"

"Tún un pè. Díẹ̀ péré. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Èmi? Mo pe orúkọ?" Ó ju eegun kan sómi. "Ọ̀kọrin kan ló kọjá níbi tí mo dúró sí. Èmi kò mọ ilé rẹ̀."

"Ìyá Ẹniọlá, jọ̀ọ́."

"Bàbá Ẹniọlá, ẹ jẹun, ẹja ń tutù."

Ó jẹun. Ó jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kùn orin náà sínú ara rẹ̀, Pópóọlá o, Pópóọlá o, títí ìrẹsì fi fẹ́ há a lọ́fun. Mopélọ́lá gbá a lẹ́yìn, ó bú u, ó fún un lómi mu.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọjọ́ wọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan, wọn kò tú èjìká ká. Súdà padà sílé pẹ̀lú ikùn kíkún, ó lọ fi ìtàn náà dá ọkọ rẹ̀ lára yá. Àwọn obìnrin ọjà padà sílé, ọkọ̀ wọn ṣófo, ẹnu wọn kún fún orin Ìlá tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbídùn àti ọmọ rẹ̀ sùn nínú bàálù títí wọ́n fi délé. Tọkọtaya arúgbó wa náà délé wọn, wọ́n yó, ara wọn balẹ̀, kò sí ẹni tí ebi pa nínú wọn. Kí ebi má pa ẹ̀yin náà o. Ẹ dìde, ẹ máa lọ jẹun, ẹnikẹ́ni tó bá sì dín ẹyin fún yín lónìí, bó bá jóná, ẹ mọ ohun tí ẹ ó wí.